Sítáǹbù Ọlọ́wọ́ Òsì Inú Agolo Bàbá

Ẹ má ṣàánú mi. Bí ẹ bá ka ọ̀rọ̀ yìí dé ìdajì tí ẹ rí i pé omi ń bọ̀ lójú yín, ẹ tètè nù ún, kì í ṣe èmi ló tọ́ sí.

Kúbúrá ni mò ń jẹ́. Ẹni ọdún méjìdínlógójì ni mí, mo sì ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Bẹẹrẹ níbi tí mo ti ń ṣe fótókọ́pì, tí mo ti ń ya páspọ́ọ̀tù, tí mo sì ti ń ṣe láminéètì. Láti Mápó títí dé Bẹ́yẹrúnkà, bí ẹ bá rí sátífíkéètì tó ń dán nínú ike, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ mi ló ti jáde. Mo sọ èyí kí ẹ má baà rò pé n kò mọ iyì ìwé. Ìwé ni mo fi ń jẹun.

Bàbá Fàsásì, ẹ̀gbọ́n bàbá tó bí mi, ló tọ́ mi dàgbà ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú. Pósófíìsì ni Bàbá ti ṣiṣẹ́ títí tó fi fẹ̀yìn tì. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa ṣa lẹ́tà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bàbá tó bí mi ní tirẹ̀ jẹ́ álífà. Ó lọ sí orílẹ̀-èdè kan lápá ìwọ̀-oòrùn wa láti máa kọ́ ọmọ wọn ní kéwú. N kò ní dárúkọ ibẹ̀, ìtìjú tèmi nìkan ti tó mi. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni mí nígbà tí àìsàn pa á síbẹ̀, ìyá mi sì ti ṣáájú rẹ̀ lọ.

Lẹ́tà kan ṣoṣo ni bàbá mi kọ sílé kí ó tó kú. Ó jẹ́ irú lẹ́tà aláwọ̀ búlúù tí wọ́n ń tà ní pósófíìsì láyé ìjọ́sí, èyí tó jẹ́ pé ìwé náà gan-an ni àpò. Wọ́n á kọ ọ̀rọ̀ sí inú rẹ̀, wọ́n á ká a, wọ́n á sì lẹ sítáǹbù mọ́ ìta. Ańjẹmí ni ó fi kọ ọ́, ìyẹn Yorùbá tí wọ́n fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ, tàdáwà dúdú tí àwọn ọmọ kéwú fi ń kọ wàláà ni ó sì fi kọ ọ́. Bàbá sọ pé àbúrò òun kò fọwọ́ kan báírò rí láyé rẹ̀.

Sítáǹbù ara lẹ́tà yẹn ni ẹ̀fẹ̀ ilé wa. Wọ́n ya ọkùnrin kan àti ọmọ rẹ̀ sí i, wọ́n jókòó ti abọ́ oúnjẹ, àwọn méjèèjì sì ń fi ọwọ́ òsì bu òkèlè. Lọ́jọ́ tí lẹ́tà náà dé, gbogbo àwọn tó ń bá Bàbá ṣa lẹ́tà ní pósófíìsì pa iṣẹ́ tì, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹni tó ya èyí kò bá ẹnikẹ́ni jẹun rí nílẹ̀ adúláwọ̀," Bàbá máa ń wí. "Ta ni yóò fi òsì jẹun níwájú ọmọ ẹ̀?"

Ní ọjọ́ kẹta Iléyá lọ́dọọdún, Bàbá á ní kí n gbé agolo bísíkíìtì jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì òun. Inú rẹ̀ ni lẹ́tà náà wà. Yóò kà á fún mi láti òkè. Bàbá mi kí gbogbo ilé, ó béèrè bóyá wọ́n ti tún òrùlé ẹ̀yìnkùlé ṣe, ó wá ní kí ẹ̀gbọ́n òun bá òun tọ́jú Kúbúrá, kó má jẹ́ kí n mọ ìyà. Bí ó bá dé ibẹ̀, Bàbá á dúró.

Ìdí ni pé bàbá mi ká ìsàlẹ̀ ìwé náà sókè, ó sì kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ibi tó ká pé ti Kúbúrá ni, ọjọ́ tó bá lè kà á fúnra ẹ̀ ni kó ṣí i. Kò fi nǹkan kan lẹ̀ ẹ́. Ó kàn ká a ni.

"Ó kù tìẹ, Àmọ̀kẹ́," Bàbá á wí, oríkì mi ló máa ń fi pè mí. "Ṣé o ti lè kà á?"

"Ó di èèmíì, Bàbá."

Èèmíì, èèmíì, lọ́dọọdún, títí ojú Bàbá fi fọ́. Ó ti pé ọdún mẹ́fà tí kò ríran mọ́, ṣùgbọ́n ó mọ tirẹ̀ lórí, nítorí náà ó ṣì ń mú lẹ́tà dání, ó ṣì ń kà á. Èmi tí ojú mi mọ́ kedere, n kò kọ́ ańjẹmí. Mo ka Kùránì dé ìlàjì, mo sá kúrò nílé kéwú, mo sì máa ń sọ fún ara mi pé kí ni òkú fẹ́ bá mi sọ tí n kò tíì gbọ́ lẹ́nu alààyè. Kírun, gbọ́ràn, má purọ́. Ẹ wo bí mo ṣe gbọ́n tó.

Ibi tí mo gbọ́n dé nìyí nígbà tí Evelyn ra ẹ̀rọ aláwọ̀.

Evelyn ni ó ni ṣọ́ọ̀bù tó dojú kọ tèmi. Kò ṣẹ̀ mí rí. Ó kàn ra ẹ̀rọ tó ń tẹ àwòrán aláwọ̀ mèremère, ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà, àwọn oníbàárà mi sì ń sọdá títì lọ bá a lójú mi. Ẹ̀rọ tèmi, dúdú àti funfun nìkan ló mọ̀. Mo kórìíra obìnrin yẹn bí ẹni pé ó gba ọkọ mi.

Ní oṣù kẹrin ọdún tó kọjá, òjò lé ọkùnrin kan wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Olúdayọ̀ lorúkọ rẹ̀, ó de táì, ó gbé báàgì pẹlẹbẹ kan mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ jòjòló. Ó ní kí n bá òun tẹ àwọn àwòrán kan jáde láti inú fóònù òun, kí àwọ̀ rẹ̀ sì hàn dáadáa.

"Ẹ̀rọ mi kì í ṣe aláwọ̀," mo dáhùn. N kò sọ fún un pé ti òdìkejì ń ṣe é.

"Ẹ jẹ́ kí n dúró kí òjò dá."

Mo yọjú sí fóònù rẹ̀. Sítáǹbù ni gbogbo rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló tún ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ láyé tí a wà yìí?"

"Kì í ṣe láti fi ránṣẹ́, màdáàmù. Àwọn kan wà tó ń kó o jọ, èmi ni mo máa ń bá wọn wá a kiri." Ó fi ọkọ̀ ojú omi kan hàn mí, tí àsíá rẹ̀ ń fẹ́ síwájú, tí èéfín rẹ̀ ń fẹ́ sẹ́yìn. Ó fi ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta hàn mí. Ó fi ààfin kan hàn mí tó dojú dé pátápátá. "Àṣìṣe ni wọ́n ń rà."

"Èyí tó dáa ńkọ́?"

"Èyí tó dáa kún ilẹ̀, kò sẹ́ni tó kà á sí."

Mo rẹ́rìn-ín títí ikùn fi dùn mí. Mo ní kó sọ fún àwọn èèyàn rẹ̀ kí wọ́n máa bọ̀ ní Bẹẹrẹ, kí wọ́n wá kó gbogbo bébà tí ẹ̀rọ mi ti jẹ láti ọdún yìí wá. Àgbàlagbà tó ní ilé, tó ní ọmọ, tó jókòó tí ó ń fi awò wo ẹsẹ̀ ẹyẹ bóyá ó pé méjì tàbí mẹ́ta. Mo ní àìríṣẹ́ṣe ló ń yọ wọ́n lẹ́nu.

Olúdayọ̀ kò bínú. "Kì í ṣe gbogbo àṣìṣe náà ló níye lórí," ó wí. "Bí ẹni tó ya àwòrán bá ti ṣi í yà, gbogbo èyí tí wọ́n bá tẹ̀ ni yóò ní àṣìṣe yẹn, ó di nǹkan yẹpẹrẹ. Àfi bí ìjọba bá tètè rí i, tí wọ́n kó o nílẹ̀ kíá. Bí irú èyí." Ó fi ìka fa fóònù rẹ̀. "Ọjọ́ mọ́kànlá péré ni wọ́n fi tà á."

Ọkùnrin kan àti ọmọ rẹ̀ ni, wọ́n jókòó ti abọ́ oúnjẹ. Ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń bu òkèlè.



"Ta ló ní ìyẹn?" mo béèrè, mo ń ṣe bí ẹni pé bébà ni mò ń tò.

"Inú ìwé ni mo ti ya àwòrán ẹ̀. Bí mo bá rí ẹni tó ní ojúlówó, ẹ̀rọ aláwọ̀ tí ẹ ń sọ yẹn, owó ẹ̀ á ra méjì." Òjò ti dá. Ó kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀ fún mi. "Bí ẹ bá gbọ́ ẹni tó ní i, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ kó má yọ ọ́ lára ohun tó bá wà lára ẹ̀. Bó ṣe wà ni kó gbé e wá."

Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá wo ọ̀kánkán, n kò rí Evelyn mọ́. Ẹ̀rọ aláwọ̀ méjì ni mo ń rí níwájú ṣọ́ọ̀bù mi.

Mo kọ́kọ́ gba ọ̀nà ẹ̀tọ́, kí ẹ má baà sọ pé n kò gbìyànjú. Mo ra mósà lọ sílé Bàbá, mo jókòó tì í.

"Bàbá, sítáǹbù ara lẹ́tà yẹn, bí ẹnì kan bá fẹ́ rà á ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Èyí tí wọ́n fi òsì jẹun? Ṣé orí onítọ̀hún pé?"

"Wọ́n ní wọ́n ń wá irú ẹ̀ lókè òkun."

"Kí wọ́n máa wá a. Sítáǹbù yẹn ni mo máa ń fi àtàǹpàkò wá kí n tó ṣí lẹ́tà, òun ló ń jẹ́ kí n mọ ibi tí òkè wà. Fi sílẹ̀, Àmọ̀kẹ́. Bí mo bá kú, ohun tó wà nínú agolo yẹn, tìẹ ni gbogbo ẹ̀."

Ẹ gbọ́ ohun tó sọ. Tìẹ ni gbogbo ẹ̀. Ohun tí yóò di tèmi láìlàágùn ni mo lọ jí.

Mo ní àlàyé tó pọ̀. Mo sọ fún ara mi pé sítáǹbù kọ́ ni lẹ́tà. Mo ní Bàbá kò ríran, pé bí mo bá lẹ sítáǹbù mìíràn síbẹ̀, àtàǹpàkò rẹ̀ kò ní mọ̀. Mo ní bàbá mi fúnra rẹ̀ ìbá fẹ́ kí ọmọ òun rọ́wọ́ mú. Bí olè bá fẹ́ jalè, ẹ ò rí i bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń dùn lẹ́nu ẹ̀.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, nígbà tí wọ́n fa Bàbá lọ sí mọ́sáláṣí, mo wọ yàrá rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi mí léèrè, ọmọ ilé ni mí. Mo fa agolo jáde, mo ti lẹ́tà bọ inú báàgì mi, mo sì bá àwọn ìyàwó ilé ṣàwàdà kí n tó jáde.

Ní ṣọ́ọ̀bù, mo ti ìlẹ̀kùn, mo ya àwòrán sítáǹbù náà, sítáǹbù nìkan, mo fi ránṣẹ́ sí Olúdayọ̀ lórí Wáàsáàpù. Kò pé ìṣẹ́jú kan tó fi pè.

"Màdáàmù, ara kí ló wà?"

"Ara lẹ́tà kan báyìí ni."

"Ẹ jọ̀ọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má fọwọ́ kàn án. Lẹ́tà yẹn náà ni kí ẹ gbé wá. Òwúrọ̀ ọ̀la ni mo ń bọ̀."

Mo pa fóònù, mo rẹ́rìn-ín sí i. Mo ní ọ̀gbẹ́ni yìí rò pé àná ni mo mọ ọjà títà. Ó fẹ́ gba sítáǹbù, ó tún fẹ́ gba lẹ́tà mọ́ ọn gẹ́gẹ́ bí ènì. Bí mo bá fún un ní lẹ́tà, kí ni Bàbá máa mú dání ní Iléyá? Ṣé ẹ rí i, mo ṣì ń ro ti Bàbá. Mo fẹ́ yọ sítáǹbù nìkan, kí n dá lẹ́tà padà sínú agolo láìsí wàhálà.

Mo wo fídíò kan lórí fóònù. Arákùnrin tó wà nínú rẹ̀ ní omi lásán ni wọ́n fi ń yọ ọ́: kí wọ́n rẹ ẹ́ sómi, kí wọ́n ní sùúrù, yóò já fúnra rẹ̀. Mo bu omi sínú abọ́ oníke. Mo tẹ́ lẹ́tà bàbá mi lé e.

Ẹ̀yin tí ẹ re ilé kéwú, ẹ ti mọ ohun tí mo ṣe. Èmi náà re ilé kéwú. Wàláà tèmi, àìmọye ìgbà ni mo fọ̀ ọ́. Wọ́n á kọ hárúfù sí i lónìí, a ó kà á, a ó da omi sí i, yóò mọ́ tónítóní fún ti ọ̀la. Ohun tí wọ́n ṣe ń fi tàdáwà kọ wàláà nìyẹn, nítorí pé omi ń fọ̀ ọ́. Kò sí ọmọ ọdún mẹ́fà ní gbogbo Ọjà'ba tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi tí mo jẹ́ ìyá ọlọ́mọ, sítáǹbù ni mo tẹjú mọ́, mò ń wò ó bóyá ó ti ń já.

Nígbà tí mo rí i pé omi ń dúdú, mo rò pé ìdọ̀tí ni.

Lẹ́yìn náà ni ìsàlẹ̀ ìwé tó wà ní kíká láti ìgbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin ṣí fúnra rẹ̀ nínú omi. Ìkọ̀wé kún ibẹ̀. Ó pọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ, ìlà bíi mẹ́wàá, ó kéré, ó há mọ́ra wọn. Mo rí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí mo lè kà, nítorí pé òun ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́ mi nílé kéwú kí n máa kọ sórí wàláà mi. Kúbúrá. Ó dúró fún ìgbà díẹ̀. Ó fẹ̀, ó di èéfín, ó bá omi lọ.

Mo fa ìwé náà yọ. Mo fi aṣọ tẹ̀ ẹ́, gbogbo rẹ̀ sì kó sára aṣọ. Ohun tó kù lórí ìwé kò ju àbàwọ́n eérú lọ.

Ẹ̀rọ fótókọ́pì mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Iná wà lára rẹ̀. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo fi ń ṣe ẹ̀dà ìwé fún gbogbo ayé, ìwé ilẹ̀, ìwé ìgbéyàwó, ìwé ẹ̀wọ̀n pàápàá, n kò ronú lọ́jọ́ kan kí n ṣe ẹ̀dà kan ṣoṣo ti bàbá mi. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, mo sunkún.

Ẹ má tíì ṣàánú mi. Mo nu ojú mi, mo dìde, mo sì lọ wo sítáǹbù bóyá kò ya. Bí mo ṣe rí nìyẹn.

Kò ya. Ó ti já, ó rẹwà, àwọ̀ rẹ̀ kò ṣí. Ṣùgbọ́n ó rọ̀, ó fẹ́lẹ́, mo sì ń bẹ̀rù kí atẹ́gùn fáànù má gbé e lọ. Mo wá ronú ohun tí a máa ń ṣe sí ohun tó bá níyì ní Bẹẹrẹ. Mo mú ẹ̀rọ láminéètì gbóná, mo tẹ́ sítáǹbù sáàárín ike méjì, mo tì í wọlé. Ó jáde, ó ń dán, ó le, kò sí bí ọwọ́ ẹ̀dá ṣe lè bà á jẹ́ mọ́. Mo gé etí ike rẹ̀ yípo dáadáa. N kò ṣe láminéètì tó dáa tó bẹ́ẹ̀ rí.

Olúdayọ̀ dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó ti wọ ìbọ̀wọ́ funfun kí ó tó wọlé. Mo gbé sítáǹbù náà lé e lọ́wọ́.

Ó wò ó. Ó yí i padà. Ó jókòó láìjẹ́ pé mo fún un ní ìjókòó.

"Ta ló ṣe èyí?"

"Èmi ni."

"Lẹ́tà ẹ̀ ńkọ́?"

"Kò sí lẹ́tà. Sítáǹbù lẹ ní ẹ̀ ń wá, òun ni mo gbé fún yín. Mo tún bá yín láminéètì ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́."

"Mo ní kí ẹ má fọwọ́ kàn án." Kò gbé ohùn sókè rárá. "Òǹtẹ̀ pósófíìsì tó gba orí sítáǹbù bọ́ sórí lẹ́tà ni ẹ̀rí pé inú ọjọ́ mọ́kànlá yẹn ni wọ́n lò ó. Ẹ ti gé ẹ̀rí sí méjì. Gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn ẹ̀ ti lọ. Ẹ wá yan án nínú iná."

"Ẹ bọ́ ike ẹ̀ kúrò nígbà náà."

"Yóò bá ike lọ."

"Ṣebí àṣìṣe lẹ ń rà? Àṣìṣe ló wà níbẹ̀ yẹn, wọ́n ṣì ń fi òsì jẹun."

Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. "Màdáàmù, kì í ṣe irú àṣìṣe tí wọ́n ń rà nìyí."

Mo bú u. Mo pè é ní gbájú-ẹ̀, mo ní àwọn ọ̀lẹ tó ń bá ṣiṣẹ́ yóò fi ojú wá ẹsẹ̀ ẹyẹ títí yóò fi fọ́. Ó ní kò burú. Ó sọdá títì, ó wọ ṣọ́ọ̀bù Evelyn, ó lọ tẹ àwòrán rẹ̀ aláwọ̀ mèremère.

Mo dá lẹ́tà padà sínú agolo ní ọjọ́ Jímọ̀ kejì. Mo gé sítáǹbù ayédèrú láti inú bébà, mo lẹ̀ ẹ́ síbẹ̀, kò jọra. Mo tún ya á kúrò. Láti ọjọ́ yẹn ni oorun mi ti di ìdajì. Mo ń ka ọjọ́ tó kù kí Iléyá pé bí ẹni tí wọ́n dájọ́ fún.

Ọjọ́ kẹta Iléyá pé. Bàbá wẹ̀, ó wọ bùbá funfun, ó jókòó sórí ẹní, ó ní kí n gbé agolo wá. Bí ó bá fọwọ́ kan lẹ́tà, àtàǹpàkò rẹ̀ yóò wá sítáǹbù. Mo ti pèsè irọ́ sílẹ̀.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí èmi mú un dání lọ́dún yìí. Mo ti ń kọ́ ańjẹmí lọ́dọ̀ álífà kan ní Oríta-mẹ́rin. Mo ti lè ka tèmi."

Ẹ ò rí ojú Bàbá. Ojú tí kò ríran, gbogbo ara rẹ̀ ló tàn. "Alhamdulilah," ó wí. "Alhamdulilah. Àmọ̀kẹ́, ṣé lóòótọ́?"

"Lóòótọ́ ni, Bàbá."

Ó ka tirẹ̀ lórí, kò yọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀. Ó kí gbogbo ilé, ó béèrè òrùlé, ó dé ibi tí bàbá mi ti ní kó má jẹ́ kí n mọ ìyà. Ó dúró. "Ó kù tìẹ," ó wí.

Mo ṣí ìwé òfìfo sójú mi. Mo sì kà á.

"Kúbúrá ọmọ mi," mo ní, "má fi ìrun ṣeré. Máa gbọ́ràn sí ẹ̀gbọ́n mi lẹ́nu, nítorí òun ni bàbá rẹ báyìí. Bí Ọlọ́run bá pè mí, wá ṣe àdúà fún mi níbi sàréè mi. Má purọ́, má jalè. Ọlọ́run á wà pẹ̀lú rẹ."

Má purọ́, má jalè. Ẹnu mi ni mo fi sọ ọ́.

Bàbá ń sunkún. Omi ń gba inú irùngbọ̀n rẹ̀ sọ̀kalẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo rò pé mo ti bọ́.

"Tún un kà," ó wí.

"Bàbá?"

"Ó ti tó ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n tí mo ti ń retí ẹ̀. Tún un kà fún mi, kí n lè mọ̀ ọ́n lórí mọ́ tèmi."

Mo gbé ìwé sókè.

"Kúbúrá ọmọ mi dáadáa," mo ní, "máa gbọ́ràn sí ẹ̀gbọ́n mi lẹ́nu. Má purọ́. Máa... máa kírun lásìkò. Ọlọ́run á ṣọ́ ọ, á sì wà pẹ̀lú rẹ."

Bàbá kò sunkún mọ́. Ó ń fetí sílẹ̀ bí ẹni tó ń retí kí n parí.

"Ibi sàréè ńkọ́?"

"Ó... ó wà nísàlẹ̀, Bàbá."

"Gbé e fún mi."

Mo gbé e fún un. Kí ni mo tún fẹ́ ṣe? Àtàǹpàkò rẹ̀ lọ sí igun ibi tí sítáǹbù máa ń wà, ó rìn yípo níbẹ̀, ó padà, ó tún lọ. Ó fọwọ́ ra gbogbo ojú ìwé náà, ó rí i pé ó ti wú, pé ó ti hunjọ. Lẹ́yìn náà ó gbé e símú. Tàdáwà ní òórùn tirẹ̀, ẹni tó bá ti fi kọ́ kéwú mọ̀ ọ́n títí láé.

"Omi ti kàn án," ó wí.



"Kúbúrá." Kò pè mí ní Àmọ̀kẹ́. "Ta ló ń bá mi sọ̀rọ̀ láti ẹ̀ẹ̀kan?"

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọkùnrin, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, Olúdayọ̀, abọ́ oníke, láminéètì, Evelyn tí kò mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ náà. Mò ń rojọ́, mo ń mú ẹsẹ̀ rẹ̀ dání. Mo ń retí kó gbá mi létí. Ó yẹ kó gbá mi létí.

"Ojú mi là fún ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n lẹ́yìn tí lẹ́tà yìí dé," ni ohun tó sọ. "Mo mọ ańjẹmí ju àbúrò mi lọ, èmi ni mo kọ́ ọ. Inú agolo mi ló wà, kíká lásán ló ká a. N kò ṣí ibẹ̀ wò rí. Mo ní ti Kúbúrá ni."

Ó ká ìwé náà padà bí bàbá mi ṣe ká a, ìsàlẹ̀ sókè, ó dá a padà sínú agolo, ó sì ní kí n bá òun fi ẹran àgbò tó kù ránṣẹ́ sí àwọn ará ilé kejì kí ó má baà bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí nǹkan ṣe rí báyìí, ẹ̀yin tí ẹ ń kà mí. N kò ra ẹ̀rọ aláwọ̀. Mo kan sítáǹbù ọlọ́wọ́ òsì náà mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù mi, nínú ike rẹ̀ tó ń dán. Àwọn oníbàárà máa ń béèrè ìdí tí bàbá yẹn fi ń fi òsì bá ọmọ ẹ̀ jẹun, mo sì máa ń sọ fún wọn pé wọ́n ṣi í yà ni. Mo máa ń fi àwọn tó ń kó sítáǹbù jọ ṣẹlẹ́yà nígbà kan. Wọ́n mọ̀ ju mí lọ. Wọ́n mọ̀ pé ó yẹ kí wọ́n gba ohun tí kò ṣeé tún rí kí wọ́n sì fi í sílẹ̀ bó ṣe wà.

Irọ́ tí mo pa fún Bàbá, mo sọ ọ́ di òótọ́. Mo lọ bá álífà ní Oríta-mẹ́rin, mo kọ́ ańjẹmí. Kò gbà mí ju oṣù márùn-ún lọ. Oṣù márùn-ún péré, ohun tí mo ń sún síwájú fún ọdún tó lé ní ogún. Mo lè ka gbogbo ìwé tó wà nínú agolo Bàbá báyìí, àfi ọ̀kan.

Iléyá ọdún yìí, Bàbá tún ní kí n gbé agolo wá. Mo rò pé ó ti gbàgbé ni, ọjọ́ orí ń dé. Kò gbàgbé. Ó mú ìwé òfìfo náà dání, ó ka tirẹ̀ lórí láti òkè, ó béèrè òrùlé ẹ̀yìnkùlé, ó dé ibi tí bàbá mi ti ní kó má jẹ́ kí n mọ ìyà. Ó dúró. Ó na ìwé náà sí mi.

"Ó kù tìẹ," ó wí.

Mo gbà á. Mo ṣí ibi tó ká. Bàbá tẹ́tí sílẹ̀, kò kánjú, a sì jókòó bẹ́ẹ̀ títí àwọn tó wà lóde fi pe wá láti wá jẹun.